Ẹ̀kọ́ Keje: Oúnjẹ àti Iyè Ẹni tí Rọpárọsẹ̀ Kọlù

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀fà ló ń gbé, ọ̀dùnkún ló ń tà. Kí ó tó ṣàìsàn, kì í kọ gbèsè sílẹ̀, síbẹ̀ ó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́. Àfi ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú, tí apá àti ẹsẹ̀ òsì kú tipiri. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, inú àwọn ọmọ sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan. Ó ń gbé ọbẹ̀ kaná, ó ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti rù débi pé ìró kì í dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá sì gbé àmàlà fún un, ọwọ́ ọ̀tún abọ́ nìkan ló ń jẹ. Ti ọwọ́ òsì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe bù ú.

Aládùúgbò kan ní ìyá ti ń ṣarán. Òmíràn ní ọwọ́ ayé ló bà á. Àìsàn ni, ẹ̀yin èèyàn mi, ó sì ní ohun tí a lè ṣe sí i.

Kí ló fà á?

Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ bá dí tàbí tó bẹ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò kú. Bí ó bá jẹ́ ibi tó ń darí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á rọ. Bí ó bá jẹ́ ibi iyè, iyè á rà. Gbogbo ojú ló ń rí ẹsẹ̀ tó rọ, ṣùgbọ́n iyè tó ń rà kì í tètè hàn.

Ọpọlọ àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi kílò kan àbọ̀ lọ. Síbẹ̀, bí a bá pín agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ sí ọ̀nà márùn-ún, ọpọlọ nìkan ń gba bí ìdá kan. Nítorí náà, bí aláìsàn kò bá jẹun kánú, ebi ń pa ọpọlọ tó ti gbọgbẹ́. Iyè tó rà náà tún ń gbàgbé àtijẹun. Bí ọ̀kan ṣe ń fà á sẹ́yìn ni èkejì ń tì í ṣubú.

Ohun tí wọ́n rí ní Abẹ́òkúta

Dókítà Rufus Akínyẹmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò èèyàn 143 ní Abẹ́òkúta, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Èsì náà jáde ní ọdún 2014. Iyè àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn ti ní àbùkù. Ó pọ̀ jù lára àwọn àgbà àti àwọn tí kò kàwé púpọ̀. Ó sì kéré lára àwọn tó ti máa ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ kí àìsàn tó dé. A kò lè torí èyí pe ẹja ní oògùn iyè, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí a fi ń ronú sí ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Bí a ṣe ń bọ́ aláìsàn

Ẹ gbé e jókòó dáadáa kí ó tó jẹun, kí ó sì wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe da ògì sí ẹni tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu. Omi lásán ń tètè pá wọn lórí ju ohun tó ki lọ. Bí ó bá ń wúkọ́ nígbàkigbà tó bá ń mu nǹkan, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ohun tó yẹ kó lọ sí ikùn lè máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà lóòjọ́: mọ́ínmọ́ín, ẹyin, wàrà, ẹja tí a yọ eegun rẹ̀, ẹ̀fọ́, ọ̀dùnkún sísè tí a tẹ̀ kúnná. Ẹ̀kọ mímu nìkan ń kún ikùn, kì í tún ara ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó wá kí i fi èèwọ̀ oúnjẹ pa á: "Má jẹ ẹyin, má jẹ ẹ̀wà." Dókítà ni kí ẹ bi. Iyọ̀ ni kí ẹ dín kù: gbogbo èyí tó ń jẹ lóòjọ́, títí kan ti inú Maggi, kò gbọdọ̀ tó ṣíbí tíì kan. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má sì wọ́n ọn.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Bí ó bá fi kílò mẹ́ta fọn láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá ọlọ́dùnkún wa ń kọ́? Ọmọ rẹ̀ obìnrin kàn yí abọ́ náà po ni. Èyí tó wà ní òsì bọ́ sí ọ̀tún, ìyá rí i, ó sì jẹ ẹ́ tán. Kì í ṣe pé ó yó tẹ́lẹ̀. Àìsàn náà ló gba ọwọ́ òsì ayé kúrò lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ rántí ohun tí wọ́n rí nípa àwọn tí kò kàwé púpọ̀. Ẹ má fi kíláàsì yìí sílẹ̀. Bí a ṣe ń fi oúnjẹ bọ́ ọpọlọ ni à ń fi ẹ̀kọ́ bọ́ ọ.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ìyá náà fi ń jẹ ìdajì oúnjẹ rẹ̀?
2. Dárúkọ oúnjẹ mẹ́ta nínú ọjà yín tó ń tún ara ṣe.
3. Èèwọ̀ oúnjẹ wo ni wọ́n máa ń kà fún aláìsàn ní àdúgbò yín? Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí.