Aṣọ Ìbílẹ̀ àti Òfin Ìjọba: Àpẹẹrẹ Kilt ní Skọ́tlándì

Ìfáárà
Yorùbá gbà pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Èyí fi hàn pé aṣọ kọjá ohun ìbora lásán. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò kilt, aṣọ àwọn ọkùnrin agbègbè olókè ní Skọ́tlándì, àti bí ìjọba ṣe bá a jà.

Bí Aṣọ Náà Ṣe Rí
Ní ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ gbọọrọ kan tí a fi irun àgùntàn hun ni. Wọn a ṣẹ́ ẹ po, wọn a fi ìgbànú dì í mọ́ ìdí, wọn a sì ju èyí tó kù sí èjìká. Lálẹ́, òun náà ni wọ́n ń fi bora sùn. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó di kilt òde òní.

Òfin Tó Dè É
Lẹ́yìn tí a ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Culloden ní 1746, ìjọba ṣòfin pé ọkùnrin kankan, àgbà tàbí ọmọdé, kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ ní Skọ́tlándì, àfi ọmọ ogun ọba. Ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni ìjìyà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tún un ṣe, wọn a kó o lọ sí òkè òkun fún ọdún 7. Ọdún 1782 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Ní 1822, Ọba George Kẹrin fúnra rẹ̀ wọ kilt ní Edinburgh.

Ìgúnlẹ̀
Aṣọ ọlọ̀tẹ̀ àná di aṣọ ọba. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe dúró lórí orúkọ àti àwòrán aṣọ nìkan; kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ní ń wọ̀ ọ́, ta ní kọ̀ ọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?