Bí Ọ̀rẹ́ Yín Kò Bá Ní Pépà

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kò ní pépà ìgbélùú wà láàárín yín, ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn: ọmọ tí òbí gbé débẹ̀ ní kékeré, tí físà wá parí mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ọdún 1982 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti dájọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama, kò gbọdọ̀ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní yunifásítì, ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀ kò kàn wọ́n.

Ẹni tí kò ní pépà tó bá jáde ní Amẹ́ríkà lè má rí ọ̀nà wọlé padà. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín bá kọ̀ láti bá yín rìnrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ má tọpinpin. Bó bá fi àṣírí hàn yín, kó kú sí yín nínú. Òfófó kan lè mú kí ìjọba dá a padà sí ìlú tí kò mọ̀. Ẹ bá a wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí kì í bèèrè pépà, ẹ sìn ín lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò gidi, kì í ṣe gbájúẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí ọmọ wa bá ń fi ọ̀rọ̀ pépà bú ẹlòmíràn. Ará Mẹ́síkò ni o, ará Ìbàdàn ni o, ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín.