Ìrora Ìsàlẹ̀ Ikùn Láàárín Oṣù: Ẹ Wo Kàlẹ́ńdà Kí Ẹ Tó Sáré Lọ sí Kẹ́míìsì

Obìnrin kan ti ṣe nǹkan oṣù tán, ara rẹ̀ ti le. Lójijì, nǹkan gún un nísàlẹ̀ ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Ní àdúgbò wa, wọ́n á rán ọmọ lọ sí kẹ́míìsì, oníkẹ́míìsì á ní "infẹ́ṣọ̀n" ni, á sì da oògùn aláwọ̀ mẹ́rin sínú ọ̀rá. Ẹlòmíràn á gbé agbo jẹ̀díjẹ̀dí mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà ná.

Ẹyin obìnrin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù mìíràn tó dé. Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ 28 síra, àárín gan-an nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ tó ọjọ́ 35, ó di nǹkan bí ọjọ́ 21. Àpò omi kékeré tí ẹyin wà nínú rẹ̀ á wú, á fa ilé ẹyin le. Bó bá bẹ́, omi àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè tú sínú ikùn, kó sì máa ta á. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń dùn, ọ̀tún lóṣù yìí, bóyá òsì lóṣù mìíràn. Ó lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ̀jẹ̀ lè kán díẹ̀, omi ojú ara sì lè máa fà bíi funfun ẹyin adìẹ tútù.

Èyí kì í ṣe àìsàn. Parasítámọ̀ àti omi gbígbóná nínú ike tí a fi aṣọ wé máa ń tó o. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tàbí tó ń wá ọmọ, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lo ibuprofen. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìrora yìí ṣe ìfètòsọ́mọbíbí: àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5, ìrora á kàn wá bá a níbẹ̀ ni.

Àmọ́ àwọn ìrora kan wà tó jọ ọ́, tó sì ń pani. Ilé ẹyin lè lọ́ mọ́ra, kí ẹ̀jẹ̀ má ráàyè dé ibẹ̀: ìrora yẹn le gan-an, èébì sì ń bá a rìn. Apẹ́ńdíìsì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí ìdodo kó tó sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀tún, pẹ̀lú ibà àti àìlèjẹun. Ibà pẹ̀lú omi ojú ara tó ń rùn ni infẹ́ṣọ̀n gidi, dókítà ló sì ni í.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oyún tó fìdí kalẹ̀ sójú ọ̀nà ẹyin dípò ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń mú wá, obìnrin lè rò pé nǹkan oṣù ni. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí èjìká ń dùn ún, tàbí tó dákú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, lóru pàápàá. Ẹ má fún un ní agbo lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìyá, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ bi ọmọbìnrin yín ní ìbéèrè, ẹ bọ́ síta díẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ojú ìyá rẹ̀ kò ní sọ òótọ́. Àyẹ̀wò ìtọ̀ fún oyún kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ì báà jẹ́ pé ẹ gbà pé kò ṣeé ṣe.