Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pèsì jẹ

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ra fún: "nonplussed". Ó dùn ún pè, ó sì ń dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó kàwé. Ohun tó ń fa ojú yín mọ́ra nìyẹn.

Èdè Látìn ni wọ́n ti yọ ọ́. "Non plus" ni pé kò sí mọ́, ó ti tán síbẹ̀. Láti ọ̀rúndún 16 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó fún ẹni tí ọ̀ràn bá lójijì, tí kò mọ èyí tí ì bá wí. Ohun tí àwa ń pè ní ọ̀rọ̀ pèsì jẹ gan-an ni: ẹnu là sílẹ̀, èsì ò jáde.

Àfi bó ṣe di ọ̀rúndún 20 tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé e gba ibòmíràn. "Non" tó wà níwájú rẹ̀ ló tàn wọ́n. Wọ́n rò pé bíi ti "nonchalant" ni, bẹ́ẹ̀ "plussed" kan ò sí níbì kankan tí ẹnikẹ́ni ń lò. Bó ṣe di ti ẹni tí ọ̀ràn ò tu irun kan lára rẹ̀ nìyẹn. Ìwé atúmọ̀ èdè ti ń kọ méjèèjì sílẹ̀ báyìí. Èmi ò bá wọn jà o, àwọn ló ni èdè wọn.

Ká ní ọ̀gá yín yí àsìkò iṣẹ́ yín padà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, láìbi yín. Ẹ wá kọ̀wé sí i láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé pé ẹ wà ní "nonplussed". Bó bá jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe kó yé e pé ọ̀rọ̀ náà dà yín láàmú. Bó bá jẹ́ ọmọ Atlanta, ó lè kà á sí pé kò ṣe yín ní nǹkan kan. Bó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún yí àsìkò iṣẹ́ yín padà.

Ẹ kúkú kọ ọ́ gbangba: ó yà mí lẹ́nu, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ. Gẹ̀ẹ́sì kékeré ló máa gbà. Bó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn ló lò ó fún yín, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fèsì: ṣé ó yà ọ́ lẹ́nu ni, àbí kò kàn ọ́?