Ẹ̀KỌ́ TÍ SOBÌA FI SÍLẸ̀ FÚN WA LÓRÍ OMI ÀTI ÌMỌ́TÓTÓ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá, tí ó sọ fún wa nínú Súrà Al-Anbiyā, ẹsẹ 30, pé láti ara omi ni Òun ti ṣe gbogbo ohun abẹ̀mí. Ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí omi mímu àti ìmọ́tótó ní àwọn abúlé tí ó yí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ká. Bí ẹnìkan bá bèèrè pé kí ni èyí kan ẹ̀sìn, kí ó rántí pé omi kànga tí a fi ń ṣe àlùwàlá ni a fi ń se oúnjẹ, òun náà ni a ń fún ọmọ wa mu. Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ẹ̀kọ́ yìí: gbígbẹ́ kànga nìkan kò lè lé àrùn lọ. Ìtọ́jú kànga àti ìwà àwa tí a ń pọn omi ni ó ń lé e lọ.

1. ÀRÙN TÍ KÒ GBÓ OÒGÙN

Àwọn òbí wa mọ sobìa dáadáa. Aràn tínrín bí òwú ni, ó sì lè gùn tó mítà kan. Yóò wà nínú ara ènìyàn fún nǹkan bí ọdún kan láìjẹ́ kí ó mọ̀. Lẹ́yìn náà yóò lé róró, lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹsẹ̀, yóò sì máa ta á bí iná. Bí ẹni náà bá ki ẹsẹ̀ bọ adágún kí ara lè tù ú, róró yóò bẹ́, aràn yóò sì tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi. Àwọn kòkòrò kékeré inú omi yóò gbé àwọn ọmọ yìí mì. Ẹni tí ó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀ láìsẹ́ ẹ, sobìa ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń mu.

Kò sí oògùn tí ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. A ó máa wé e mọ́ igi díẹ̀díẹ̀ ni fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àgbẹ̀ kò ní lè dé oko, ọmọ kò ní lè rìn dé ilé-ìwé. Nígbà tí a kà á káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1988, àwọn tí ó ní in lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa wà lára àwọn tí ó jìyà rẹ̀.

2. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÌDÈRÈ

Ẹ jẹ́ kí a dé Ìdèrè ní Ìbàràpá, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí sobìa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi ẹ̀rọ ti dé Ìdèrè rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn ènìyàn padà sí adágún, sobìa náà sì padà sí ẹsẹ̀ wọn.

Ìṣòro kejì ni pé ọ̀pọ̀ gbà pé sobìa jẹ́ ara ẹ̀yà tí a dá mọ́ ènìyàn, bí iṣan. Ẹni tí ó gbà pé inú ara òun ni àrùn ti wá, kí ni yóò fi asẹ́ ṣe? Nítorí náà àwọn olùkọ́ kò kàn pàṣẹ. Wọ́n jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n kọ́ díẹ̀ nínú wọn ní iṣẹ́ ìlera, àwọn aránṣọ ìlú sì ń rán asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi.

3. BÍ SOBÌA ṢE LỌ

Ọ̀nà kan náà ni ìjọba àpapọ̀ àti àjọ Carter Center, tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, dá sílẹ̀, gbà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé àwọn abúlé. Wọ́n ní kí a sẹ́ omi, kí ẹni tí ó ní sobìa má ṣe wọ inú omi mímu, kí a tún adágún ṣe, kí a sì máa jábọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní in. Ẹni ìkẹyìn ní Nàìjíríà ni a rí ní Ìpínlẹ̀ Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sobìa ti kúrò. Oògùn kọ́ ni ó lé e lọ. Ènìyàn ni.

4. OHUN TÍ Ó KÙ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sùn. Asẹ́ tí ó dá kòkòrò sobìa dúró kò lè dá kòkòrò onígbáméjì dúró, nítorí ó kéré jù ú lọ fíìfíì. Ìgbẹ́ ènìyàn tí ó bá wọ inú omi ni ó ń tàn án kálẹ̀. Ní ọdún 1991 nìkan, ó pa ẹni tí ó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì. Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2021 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 48 ọmọ Nàìjíríà ni kò ní ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n ń lò, inú igbó àti ààtàn ni wọ́n ń lọ.

Lórí àpáta líle ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Kànga ọwọ́ kì í sábà jìn, nítorí náà ohun tí a bá dà sílẹ̀ kì í pẹ́ dé ibi omi. Bí ṣáláńgá bá wà lókè tí kànga wà nísàlẹ̀, a mọ ibi tí òjò yóò gbé e lọ.

5. OHUN TÍ ÀNÁBÌ KỌ́ WA

Ànábì wa (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Ó kìlọ̀ nípa ìwà mẹ́ta tí ń fa ègún: kí a yàgbẹ́ sí ibi omi, sí ojú ọ̀nà, àti sí abẹ́ ibòòji. Ó ní kí ẹni tí ó jí lójú oorun fọ ọwọ́ kí ó tó tì í bọ ohun tí omi wà nínú rẹ̀, kí a sì máa bo omi wa lóru. Sàábé Uthman ra kànga Rūmah ní Mẹdínà, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa fúnra wa. Ní abúlé púpọ̀ a ń rí kànga ẹ̀rọ tí a kọ orúkọ olóore sí lára, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti kán, koríko ti bò ó. Orúkọ wà, omi kò sí. Sàdákátul-jāriyah túmọ̀ sí sàdáká tí ń ṣàn. Ọlọ́hun mọ èrò ọkàn ẹni tí ó gbẹ́ ẹ; ọrùn àwa tí a wà láàyè ni ìtọ́jú rẹ̀ wà. A máa ń dá owó ní Rámádánì láti gbẹ́ kànga tuntun, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó dá owó rí láti tún ti àtijọ́ ṣe?

6. IṢẸ́ TÍ A LÈ BẸ̀RẸ̀

(a) Kí a tó gbẹ́ kànga tuntun, kí a kọ́kọ́ ka àwọn tí ó ti bàjẹ́ ní àdúgbò. Kí a yan ìgbìmọ̀ omi tí obìnrin yóò wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń pọn omi. Kí a máa dá owó díẹ̀ lóṣooṣù, kí arákùnrin kan àti arábìnrin kan sì kọ́ bí a ti ń pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀rọ.

(b) Kí kànga àti ṣáláńgá jìnnà síra tó mítà 30, kí kànga wà lápá òkè. Kí ó ní etí gíga, ìdérí, àti ìfami kan ṣoṣo tí a kì í gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

(c) Kí a máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́ àti kí a tó jẹun. Bí kò bá sí ọṣẹ, kí a lo eérú. Omi àlùwàlá nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ ọṣẹ.

(d) Omi tí a kò bá fọkàn tán, kí a sè é títí yóò fi hó dáadáa. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, kí a po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí ṣíbí náà tẹ́jú, mọ́ lítà kan omi mímọ́. Kí a máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú sobìa padà sí Ìdèrè lẹ́yìn tí omi ẹ̀rọ ti dé?
2. Kí nìdí tí asẹ́ kò fi tó fún onígbáméjì?
3. Kànga mélòó ni ó ti dákẹ́ ní àdúgbò yín, ta ni ó sì yẹ kí ó tún un ṣe?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí omi oore wa má gbẹ. Āmīn.