Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ọkọ̀ Tó Ń Padà Bọ̀ Lófìfo

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ọkọ̀ tí à ń gbà lọ sọ́jà àti èéfín tó ń tú jáde nídìí rẹ̀. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, "Kí ló kan ẹgbẹ́ wa nínú èéfín mọ́tò?" Ó kàn wá gan-an ni. Kò sí èéfín tó ń tìdí mọ́tò jáde tí a kò ti kọ́kọ́ fi owó rà nílé epo.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí èéfín náà jẹ́ ná. Lítà bẹntiróòlù kan kò wúwo tó kílò kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá jó o tán, afẹ́fẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon dioxide tó ń jáde láti inú rẹ̀ tó kílò 2.3. A kò ṣi ìṣirò o. Bí epo ti ń jó ló ń fa ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, òun ló sọ ọ́ di púpọ̀. Ti dísẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó kílò 2.7. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń wà lójú òfúrufú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí á bo ayé bí ẹni fi aṣọ òtútù bora lọ́sàn-án gangan, tí ooru kò fi ní í ráyè jáde bó ṣe yẹ. Àgbẹ̀ tó ń wojú òjò kó tó gbin àgbàdo ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Èéfín dúdú tí ojú ń rí, ìyẹn ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá wa tó pàtẹ sẹ́bàá garéèjì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Níbo wá ni epo ti ń ṣòfò jù? Púpọ̀ nínú wa á ní ojú ọ̀nà tí kò dára ni. Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọkọ̀ tí kò kún lọ, tó tún padà bọ̀ lófìfo, ló burú jù. Lọ́rì tó ti já ẹrù rẹ̀ tán ṣì ń jẹ ju ìdajì epo tó jẹ nígbà tó kún, nítorí pé irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wúwo. Dírẹ́bà mọ èyí dáadáa. Owó tó bá dá lé yín, ó ti ka àbọ̀ mọ́ àlọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Mọ́níyà ṣe àpẹẹrẹ, ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 65. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún ń kó èlùbọ́ lọ, tí kálukú dá ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ gbà, ọkọ̀ tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 8. Àlọ àti àbọ̀, ọkọ̀ kan á jẹ lítà 16. Ti àwọn márààrún á jẹ́ lítà 80, carbon dioxide rẹ̀ á sì tó kílò 184. Bí wọ́n bá pa ẹrù náà pọ̀ sínú lọ́rì kan ṣoṣo tó ń fi lítà dísẹ́ẹ̀lì kan rin kìlómítà 5, lítà 26 ni, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 70. Lítà 54 ló wà láàárín méjèèjì, lójoojúmọ́ ọjà! Ẹ rántí pé kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí wọ́n là sílẹ̀ fún lítà bẹntiróòlù kò tó 200 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá tilẹ̀ wọ́n ju bẹntiróòlù lọ, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò fúnra yín.

Kí ló dé tí a kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: a kò fọkàn tán ara wa tó. Ẹnì kan kò fẹ́ kí ẹnìkejì mọ iye àpò tí òun kó, tàbí oníbàárà tí òun ń tà á fún. Òmíràn ń bẹ̀rù pé wọn á gbé tòun sísàlẹ̀, òjò á sì pa á. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe lásán, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti tipa bẹ́ẹ̀ dàrú. Nítorí náà, kí akọ̀wé ní ìwé kan lọ́wọ́: orúkọ ẹni, iye àpò, ìfọwọ́sí. Kí olúkúlùkù fi ọ̀dà kọ àmì sára àpò tirẹ̀, kí wọ́n sì sanwó ọkọ̀ ní iye àpò. Lọ́rì nìkan ni a pa pọ̀ o, a kò pa oníbàárà pọ̀. Ata àti tòmátì kò lè dúró de èlùbọ́, ẹ má fipá so wọ́n pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí dírẹ́bà di ẹrù kọjá agbára ọkọ̀, tàbí kó gbé èèyàn gorí ẹrù.

Ti àbọ̀ ńkọ́? Kí lọ́rì tó gbéra, ẹ kọ ohun tí àwọn tó wà nílé ń fẹ́ láti Ìbàdàn sílẹ̀: òwú àwọn ahunṣọ òfì, sìmẹ́ńtì, iyọ̀. Owó tí wọn ì bá san fún ọkọ̀ mìíràn á dín ìnáwó àlọ yín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ máa wo ìdí rẹ̀. Bí èéfín bá dúdú, epo kò jó tán, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ àti nọ́sù wò. Bó bá ṣe bí aró, ẹ́ńjìnì ń mu ọ́ìlì nìyẹn. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń jẹ epo, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnì tí ẹ tàn sílẹ̀ ní garéèjì tí ẹ fi ń pe èrò.

Ẹni tó ń lọ sí Èkó láìní ẹrù púpọ̀, ẹ má gbàgbé rélùwéè. Ọdún 1901 ni ti àkọ́kọ́ ti Èkó dé Ìbàdàn. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí èyí tuntun, Mọ́níyà gan-an ló sì ti ń gbéra lọ sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Dísẹ́ẹ̀lì lòun náà ń jẹ, ṣùgbọ́n orí kan ló ń fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò, irin sì ń yí lórí irin wọ́ọ́rọ́wọ́ ju táyà lórí ọ̀dà lọ. Ẹ ṣáà béèrè àkókò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà láti òkè òkun, ẹ jẹ́ kó gba orí omi bí kò bá kánjú. Èéfín tọ́ọ̀nù ẹrù kan nínú ọkọ̀ òfúrufú ju ti ọkọ̀ òkun lọ ní ìlọ́po ogún, kódà ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù kọ èyí sínú bébà kan wá: ọjà tó ń ná, ọjọ́ tó ń lọ, iye àpò tó ń kó, iye tó ń san fún ọkọ̀, àti bóyá ọkọ̀ náà kún nígbà tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ, kó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ. Akọ̀wé yóò kà wọ́n síta, a ó sì wo àwọn tí ọjọ́ wọn bára mu.