Ohun Tó Yẹ Ká Tẹ́ Sẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù Àgbẹ̀

Ìwé ìmọ̀ràn yìí wà fún àgbẹ̀ àti olùsìn adìyẹ tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹrù wọ Agége àti Ìkẹjà, yálà láti Ìfọ̀, Àgbádó, Ṣàngó-Ọ̀tà tàbí Ìpájà. Ó wà fún ẹni tó ń lọ kó ìgbẹ́ màlúù níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní Oko-Ọba pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ láínà la fẹ́ sọ, ohun tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹrù má baà ha á. Àwọn tó ń tà á á ní ẹrù wúwo ló ń ba ẹ̀yìn ọkọ̀ jẹ́. Wọn ò purọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń pa píkọ́ọ̀pù àgbẹ̀. Ọ̀rinrin tó há sábẹ́ ohun tí a tẹ́ síbẹ̀ ló ń pa á.

Nígbà tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907, obì àti kòkó ń so ní Agége nítòsí réluwé tó ti dé Ìbàdàn láti 1901. Ẹrù ò rìn jìnnà kó tó kan ọkọ̀ ojú irin. Ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti gba ilẹ̀ yẹn báyìí. Ẹ̀gẹ́ tó ń wọ Agége lónìí ń ti ọ̀nà jíjìn wá lórí kòtò àti gegele, ohunkóhun tó bá sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa ha irin, láti oko títí dé ọjà.

Ẹ wá wo ohun tí à ń kó. Omi ẹ̀gẹ́ tó ti ń kan ní ásíìdì nínú. Ìgbẹ́ adìyẹ ń tú ammonia jáde, òun ló ń ta yín nímú yẹn. Ajílẹ̀ òyìnbó, ì báà ṣe NPK tàbí urea, ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́; èyí tó bá dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ á yọ́, á sì máa jẹ irin ju omi òjò lásán lọ. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ẹran láti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù kò yàtọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó àga àti bẹ́ẹ̀dì kiri kò mọ ìyà yìí rárá, ìdí sì nìyẹn tí ìmọ̀ràn tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ fi lè ṣì yín lọ́nà.

Láínà oníke lẹ máa kọ́kọ́ rí ní ọjà Ládípọ̀, tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó dà bí agbada ńlá tí wọ́n sọ sínú ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń fi í sí i, bí igi bá sì já lù ú, ike ló máa fara gbá a. Ìṣòro rẹ̀ wà lábẹ́. Ẹ ní kí mẹ́káníìkì gbé ọ̀kan tó ti pẹ́ lórí ọkọ̀ sókè, kí ẹ fojú ara yín rí i. Èèpẹ̀ àti èèpo ẹ̀gẹ́ ti para pọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú tí kì í gbẹ. Níbi tí ike ti ń kan irin, ọ̀dà ti ha kúrò ní ìlà-ìlà, irin ń dán láàárín, ó ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní àyíká síkúrù, ọ̀dà ti wú. Bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, á rún sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá wò ó láti òkè, kò sóhun tó ṣe é.

Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà bíi Tundra tàbí Tacoma kò bá Hilux tiwa mu. Ẹ má gbà kí wọ́n gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n wá fi síkúrù dè é mọ́ra tipátipá, nítorí ojú ihò tuntun tí wọ́n bá lu sára irin ni ìdógùn-ún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ike tún ń yọ̀. Kí awakọ̀ ṣáà tẹ bíréèkì lójijì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pen Cinema ní Agége, kéréètì ẹyin á ti ṣí lọ síwájú. Ẹni tó bá ti ní in tẹ́lẹ̀, kó máa gbé e sókè lóṣooṣù nígbà òjò, kó fọ abẹ́ rẹ̀, kó jẹ́ kó gbẹ.

Èyí tí wọ́n ń fín bí ọ̀dà ló wọ́n jù. Èròjà méjì ló ń pàdé lẹ́nu ìbọn ìfín, wọ́n á sì le mọ́ irin kíákíá débi pé omi ò ní rí ọ̀nà sábẹ́ wọn. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun, tí ẹ sì fẹ́ lò ó pẹ́, kò sí èyí tó dára tó o fún ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ẹja. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló kù sí. Ó gbọ́dọ̀ fọ gbogbo epo kúrò, kó fi sánpépà ha ọ̀dà títí kò fi ní dán mọ́, kí irin sì gbẹ táútáú. Ẹni tó bá lóun á fín in lọ́jọ́ òjò lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì tí kò ní ògiri, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Isocyanate tó wà nínú rẹ̀ àti omi kì í rẹ́. Á hó, á lé, kò sì ní pẹ́ bó. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá lè dènà eruku ọyẹ́. Ẹ má dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fín in o, èéfín rẹ̀ lè dá ikọ́ fée sí èèyàn lára.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹní rọ́bà tó nípọn tó mílímítà 8 sí 10 ló bá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mu. Kì í bo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ èèyàn méjì lè ká a kúrò, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sórí ògiri títí irin náà á fi gbẹ. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì kì í yọ̀ lórí rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan ní Ọba Àkran tàbí Ọgbà bá sì pàrọ̀ bẹ́líìtì rọ́bà tó ń gbé ẹrù nínú fáktìrì, ẹ lè rí i rà lọ́wọ́ onípàǹtí lówó pọ́ọ́kú. Ó ń dùn mí ṣá o, pé Ìkẹjà tí Dunlop ti ń ṣe táyà títí di nǹkan bíi 2008 la ti ń wá rọ́bà kiri nínú pàǹtí.

Ẹ béèrè ohun tí bẹ́líìtì náà gbé kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó ti gbé kẹ́míkà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ oúnjẹ. Ẹ da omi gbígbóná sí i, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Bí aṣọ bá yí àwọ̀ tàbí tó ń rùn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e pẹ̀lú. Aṣọ wà láàárín rọ́bà bẹ́líìtì, aṣọ yẹn á sì máa mu omi. Ẹ ní kí fọgánáísà fi sọlúṣọ̀n dí i yíká.

Ní ti irin pẹlẹbẹ chequered plate tí àwọn wẹ́dà ń gé, ẹ ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ double cabin tó nǹkan bíi mítà 1.5 níbùú àti lóròó. Irin mílímítà 3 tó bo ibẹ̀ á ju kílò 50 lọ, ìyẹn odidi àpò ajílẹ̀ kan tí ẹ ó máa gbé lọ gbé bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lórí ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ kì í sábà ju tọ́ọ̀nù 1 lọ. Kí ẹni tó ń kó òkúta máa lò ó.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má tẹ́ ẹ lé ìdógùn-ún lórí. Ẹ kọ́kọ́ ha á dé ojú irin, kẹ́ ẹ kun red oxide, kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà. Ẹ rí i pé ihò tí omi ń gbà jáde ní igun ẹ̀yìn ọkọ̀ là, kí láínà má sì dí i. Pé ẹ ní láínà kò sì ní kí ẹ kó oògùn apakòkòrò pọ̀ mọ́ gàrí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ló kù, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń ra epo ẹ̀rọ ìfami àti jẹnẹrétọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ní 1998, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́, kìlọ̀ lórí iná tó ṣẹ́ nígbà tí àwọn èèyàn ń rọ epo sínú gálọ́ọ̀nù tó wà lórí láínà oníke lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Bí epo ti ń ṣàn, iná mànàmáná ń kóra jọ sára gálọ́ọ̀nù. Ike kò jẹ́ kó ráyè wọ ilẹ̀ lọ, ìtapárá kékeré kan sì tó láti ran èéfín epo. Gálọ́ọ̀nù onírin gan-an kò yọ nínú ewu yìí. Nítorí náà, ẹ sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ gbalasa, kí ẹnu ìfà epo kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí tó fi máa kún. Bí ọmọ ilé epo bá ń kánjú, tó ní òun á rọ ọ́ sórí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà fún un.